Kí ni ìsípẹ́kítọ̀ ń wá nínú kíláàsì?

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àwọn alábẹ̀wò bá máa yà wọ ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òbí tó ń kọjá lójú títì á ti mọ̀. Ilẹ̀ á mọ́ ju ti àná lọ, òkúta tó yí òdòdó ká á funfun báláú, àwa tíṣà á sì wọ aṣọ tí a máa ń wọ̀ lọ sóde. Lọ́dún kan, ìyá ọmọ kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu géètì, ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Àǹtí, kí lẹ ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ lé yín níṣẹ́ ni?" Mo ní rárá o, ìbẹ̀wò ni. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò ṣẹ̀ kì í sáré gbálẹ̀ báyẹn.

N kò bá a wí. Ohun tí àwa tíṣà ń pè ní ìsípẹ́kísọ̀n kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ni, orúkọ kan náà la fi ń pe gbogbo wọn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú mọ́ òbí lọ́wọ́, tó sì ń dojú rú mọ́ tíṣà náà lọ́wọ́.

Èyí àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò ilé ìwé lódindi. Àwọn òṣìṣẹ́ á wá láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, láti SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tàbí láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ìwé ni wọ́n wá wò. Wọ́n á yẹ rẹ́jísítà wò bóyá à ń pe orúkọ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Wọ́n á ṣí lógíbúùkù, ìwé tí hẹdimáàsì máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n á ka tíṣà, wọ́n á wo ṣáláńgá, wọ́n á bèèrè ibi tí a ti ń pọnmi. Níbi púpọ̀, wọ́n ti pa orúkọ náà dà, wọn kì í pè é ní ìsípẹ́kísọ̀n mọ́ nínú ìwé ìjọba, wọ́n ní àwọn wá rí i dájú pé ẹ̀kọ́ tó yè kooro ni à ń kọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́nu tíṣà, ìsípẹ́kítọ̀ ṣì ni wọ́n.

Èkejì ni kí ẹnì kan wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó máa wo bí mo ṣe ń kọ́ni fún sáà kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 40. Ó lè jẹ́ hẹdimísírẹ́sì mi, ó sì lè jẹ́ àlejò. Kó tó jókòó, á ti gba lẹ́sìn nóòtì lọ́wọ́ mi: àkòrí, èròńgbà, ohun èlò ìkọ́ni, ohun tí àwọn ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbéléwọ̀n, iṣẹ́ àmúrelé. Bí mo bá fo ọ̀kan nínú wọn, bírò pupa á ti dé ibẹ̀ kí ọmọ kankan tó la ẹnu.

Ẹ̀kẹta ni ìdánwò tíṣà. Èyí kì í wọ́pọ̀, àmọ́ tó bá ti ṣẹlẹ̀ nígbà kan, kò sẹ́ni tó ń gbàgbé. Ní ìpínlẹ̀ Kwara lọ́dún 2008, wọ́n dán àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 19,125 wò, wọ́n sì kéde pé 75 péré ló dé ojú ìwọ̀n tí wọ́n là kalẹ̀. Ní Èkìtì lọ́dún 2012, ìjọba ní òun fẹ́ ṣe ìdánwò láti mọ ohun tí àwọn tíṣà nílò kí òun lè dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ sí i, àmọ́ àwọn tíṣà kọ̀, wọn kò yọjú síbi ìdánwò náà. Àwọn tó wà níta rò pé olódo ló ń sá. Ohun tí mo ń gbọ́ láàárín àwa tíṣà yàtọ̀: ta ló máa ka èsì náà, kí ló sì máa fi ṣe? Ní 2017, ìjọba Kaduna fún àwọn tíṣà ní ìdánwò irú èyí, ó ní 21,780 nínú nǹkan bí 33,000 ni kò yege, ó sì ní òun máa lé wọn kúrò níṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá sọ fún tíṣà pé ìdánwò lásán ni, kò sí bó ṣe máa gbà ọ́ gbọ́.

Ẹ wá wò ó báyìí. Ti àkọ́kọ́ ń bi ilé ìwé pé, kí lẹ ṣaláìní? Ti èkejì ń bi ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn pé, kí ló ṣì kù díẹ̀ káàtó? Ti ẹ̀kẹta ń bi tíṣà pé, ṣé ìwọ yìí tó tíṣà í ṣe? Nígbà tí ẹnì kan náà bá bá ọkọ̀ kan náà wá, tó mú fọ́ọ̀mù kan náà dání, ìbéèrè kẹta nìkan ni etí tíṣà máa ń gbọ́. Ohun tí mo rí láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kó yé òbí.

Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe tòní. Ní 1839 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ yan ìsípẹ́kítọ̀ ilé ìwé. Ní 1862, wọ́n gbé òfin kan jáde pé iye owó tí ìjọba máa fún ilé ìwé á dá lórí bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ṣe ṣe sí níwájú ìsípẹ́kítọ̀ nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Ọmọ tó bá yege, owó wọlé. Ọmọ tó bá kùnà, owó lọ. Kí ni tíṣà máa ṣe? Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ há ìwé kíkà sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, débi pé ọmọ tí kò dá lẹ́tà mọ̀ dáadáa á máa ka ojú ìwé geere. Ó tó ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó fi ètò náà sílẹ̀. Ìgbà tí ìjọba amúnisìn wá ṣòfin ẹ̀kọ́ fún Èkó ní 1882 àti 1887, èrò pé kí owó ìrànwọ́ máa tẹ̀ lé èsì àyẹ̀wò bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Henry Carr, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1863, di igbákejì ìsípẹ́kítọ̀ ilé ìwé ní 1889, ó sì gòkè títí ó fi di olórí nínú iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ojú ọmọ wa ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Àṣà iṣẹ́ náà ni kò kúrò níbi tí wọ́n ti gbé e wá. Àwọn àgbà tó mọ wolé-wolé, tí gbogbo agboolé á bo àmù wọn nítorí pé ó ń bọ̀, tí wọ́n á sì ṣí i sílẹ̀ padà bó bá ti yí ẹ̀yìn, mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ń kọ́ kíláàsì kẹrin nígbà náà. Wọ́n ti ta wá lólobó pé ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Wednesday. Lọ́jọ́ Tuesday, mo ra ọsàn mẹ́fà, mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìdá: ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ náà kò lọ déédéé. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí ọsàn, ọmọ kan bi mí bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọsàn ńlá bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin ọsàn kékeré, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa dá a lóhùn kó fi yé e. Ìbéèrè tó dára jù tí ọmọ bi mí lọ́dún náà nìyẹn. Lọ́jọ́ Wednesday, mo ra ọsàn mẹ́fà mìíràn, mo sì tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́, lọ́rọ̀ kan náà, bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ọ rí. Kí n tó bèèrè tán, ọwọ́ ti wà lókè. Mo ti sọ fún ọmọ tó bèèrè ọ̀rọ̀ ọsàn ńlá àti kékeré pé kó dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìsípẹ́kítọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀kọ́ mi dára gan-an.

Ojú tì mí nígbà náà, ojú ṣì ń tì mí. Kì í ṣe nítorí pé mo tan òṣìṣẹ́ ìjọba, bí kò ṣe nítorí ọmọ tí mo ní kó dákẹ́. Ẹnì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju èmi lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi fún odindi sáà kan, ó sì ṣeé ṣe kó mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọmọ náà lóhùn. Mo ní ohun tí mo lè bi í. Mi ò lè bi í, torí bí mo bá bi í, mo ti jẹ́wọ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n, àti pé àná ni mo kọ́ wọn.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé ìwé mélòó kan. Kò ya ẹnì kankan lẹ́nu. Wọ́n ní tiwọn. Àwọn kan ti ní kí ọmọ tí kò yára má wá sílé ìwé lọ́jọ́ náà. Àwọn kan máa ń kó àwọn tó mọ̀wé jókòó síwájú. Òmíràn fi òru mẹ́ta kọ lẹ́sìn nóòtì oṣù kan, kò sùn, ó sì dé kíláàsì pẹ̀lú ojú pupa, kò ní agbára láti kọ́ ohun tó kọ sílẹ̀. Òbí tó bá gbọ́ pé ilé ìwé ọmọ òun ṣe dáadáa nínú àyẹ̀wò, ó yẹ kó mọ̀ pé ohun tí wọ́n rí ni ohun tí a tò fún wọn.

Ká tiẹ̀ ní tíṣà kankan ò tò nǹkan kan, ìṣòro mìíràn ṣì wà: ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kò tó láti fi mọ tíṣà. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan tí àjọ Gates náwó sí wo nǹkan bí 3,000 tíṣà láti 2009. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá wo ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, máàkì tó bá fún tíṣà kò ṣeé gbára lé. Àfi kí ojú púpọ̀ wo ẹ̀kọ́ púpọ̀. Tíṣà kì í nílò ìwádìí kó tó mọ èyí. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí pánù ń pariwo, ọjọ́ ọjà, ọjọ́ tí ebi ń pa ọmọ, ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Àwọn ará wa tó ń gbé ní Peckham tàbí Woolwich ní ìlú London mọ ọ̀ràn yìí lọ́nà tiwọn, torí Ofsted ń ṣàyẹ̀wò ilé ìwé àwọn ọmọ wọn. Láti 1992 ni òfin ti dá àjọ náà sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìsípẹ́kítọ̀ rẹ̀ máa ń fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wò ní máàkì. Ní 2014 ni wọ́n ṣíwọ́ ìyẹn. Nígbà náà, ilé ìwé fúnra rẹ̀ ṣì ń gba ìdájọ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì: "Outstanding", "Good", "Requires Improvement", "Inadequate". Òbí á sì fi ọ̀rọ̀ kan yẹn yan ilé tó máa gbà. Ní oṣù kọkànlá 2022, wọ́n lọ sí Caversham Primary School ní ìlú Reading, ilé ìwé tó wà lókè pátápátá lójú wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì já a wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ruth Perry tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé náà pa ara rẹ̀ ní oṣù kìíní 2023. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ pé àyẹ̀wò náà wà lára ohun tó fa ikú rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n fòpin sí ìdájọ́ ọ̀rọ̀ kan yẹn fún ilé ìwé ìjọba, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá 2025, ìwé èsì tó ń dá apá kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ ilé ìwé wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rọ́pò rẹ̀. Mo rò ó pé àtúnṣe ni. Síbẹ̀ ó dùn mí pé ẹ̀mí ènìyàn ló kọ́kọ́ lọ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí àwọn tíṣà ti ń sọ láti ọdún pípẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé mò ń sọ pé kí wọ́n má wá mọ́. Èmi náà bímọ, ọmọ mi náà wà ní kíláàsì ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé tíṣà wà tí kì í wá ní ọjọ́ Monday àti Friday, mo mọ àwọn tó ń ta ọjà lábẹ́ tábìlì, mo sì mọ èyí tó ń fi pàṣán kọ́ni dípò ẹnu. Ọmọ tálákà tí òbí rẹ̀ kò lè lọ bi tíṣà léèrè, ta ló máa bá a bèèrè bí kì í bá ṣe ìjọba? Àyẹ̀wò tó bá rí irú wọn mú, kí Ọlọ́run bá wa fún un lágbára. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú ọ̀lẹ ni wọ́n fi ń mú aláápọn, ọ̀lẹ ló sì sábà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù jù.

Ohun mìíràn tún wà tí àwa tíṣà máa ń fi ìbínú sọ. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé ọmọ 35 ni kó wà lọ́wọ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Mo ti kọ́ 72 rí nínú yàrá kan. Ìsípẹ́kítọ̀ wá, ó kà wọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ti pọ̀ jù. Ó tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò yẹ ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ wò bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n padà wá ní ọdún kejì, ọmọ ti di 78. Ọ̀rọ̀ ìwé iṣẹ́ ni wọ́n bi mí. Wọ́n fi tèmi sọ́kàn, wọ́n gbàgbé tiwọn. Nígbà tí tíṣà bá ní ìjọba kò fọkàn tán òun, ohun tó sábà ní lọ́kàn nìyí: pé òun nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹni méjì.

Ìfọkàntán, ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n fi tíṣà sílẹ̀ kó máa ṣe bó ti wù ú. Ẹ wo àwọn télọ̀ wa. Ọ̀gá télọ̀ kì í fi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀; ojú rẹ̀ kì í kúrò lára abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń wò ó kí aṣọ lè dára, ọmọ iṣẹ́ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá gé aṣọ kù, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ bá ọ̀gá. Ní Japan, àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àṣà kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn mélòó kan á jọ jókòó gbèrò ẹ̀kọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn á kọ́ ọ, àwọn tó kù á dúró yí kíláàsì ká, wọ́n á máa kọ ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ náà. Nítorí pé gbogbo wọn ló gbèrò rẹ̀, bó bá wó, lórí gbogbo wọn ló wó. Tíṣà tó lè yọjú láàárín ọmọ 72 láti lọ wo kíláàsì ẹlòmíràn kò pọ̀ níbí, ìyẹn ni kò jẹ́ kó rọrùn láti ṣe. Kò nílò owó púpọ̀ ṣá.

Mo rí díẹ̀ nínú rẹ̀ rí. Hẹdimísírẹ́sì kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó wọ kíláàsì mi láìmú ìwé kankan dání. Kò jókòó sórí àga tí mo gbé fún un. Ó lọ fún ara rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ lórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí ọmọ jáde eré, ó ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: nígbà tí ẹ bá bèèrè nǹkan, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń mí kí ẹ tó fúnra yín dáhùn?" Mi ò mọ̀. Ó ní òun kà á, ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun la ẹnu ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti sọ̀rọ̀, èmi ti sọ ọ́ tán kó tó sọ. Ó tún ní láti ìgbà tí òun ti wọlé, mi ò pe ẹnì kankan ní ọ̀wọ́ fèrèsé. Kò fún mi ní máàkì, kò kọ nǹkan kan sínú fáìlì mi. Ó ní òun máa padà wá lọ́jọ́ Thursday, kí n gbìyànjú kí n mí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ Thursday, mo bèèrè, mo sì dákẹ́. Ó nira ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kíláàsì tó dákẹ́ máa ń já tíṣà láyà. Ní èémí kẹta, ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé na ọwọ́ sókè. Màmá kò wò mí, ọmọ náà ló ń wò.

Nígbà tó di ìjáde, èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọsàn fún un, gbogbo rẹ̀ pátá, ti Tuesday àti ti Wednesday. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá fa dúróà, ó mú bébà méjì jáde, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, ó ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ó sì ní, "Ẹ fi èyí hàn án lọ́la, kí ẹ sì jẹ́ kó bèèrè."